Ẹ Má Ṣe Wó Afárá Kí Èrò Tó Kọjá Tán

Ní ìlú Douala, èbúté ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ọjà kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi èdè Faransé pè ní Marché Dakar. Ọjà Dakar ni àwa yóò máa pè é. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà lè rò pé ilẹ̀ Senegal ni à ń sọ, ṣùgbọ́n Douala gan-an ni. Bí gbogbo ọjà ńlá ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti rí ni òun náà rí: oúnjẹ wà níbẹ̀, aṣọ òkìrìkà wà níbẹ̀, ariwo kò sì wọ́n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rìn jìnnà kí a tó kan ẹni tí ó to fóònù tòkunbọ̀ sórí tábìlì, tàbí ẹni tí ó jókòó tí ó ń fi irin tín-ín-rín tú inú wọn wò. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ń ṣòwò ní Douala kò kéré, nítorí náà ọ̀ràn tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀ràn ará òkèèrè sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan nínú wọn, tí ń ta ẹja gbígbẹ. Fóònù rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́jọ, ojú rẹ̀ ti sán, ṣùgbọ́n òun ni ó fi ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, òun ni ó fi ń wo iye tí ọjà ń lọ, òun náà ni ó sì fi ń ka ìròyìn ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ ṣí ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ti ń ṣí tipẹ́tipẹ́, fóònù sì kọ̀ jálẹ̀: ó ní òun kò mọ ẹni tí ó ni ibẹ̀, pé ewu ń bẹ. Ìyá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tí ń tún fóònù ṣe. Ọmọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ó ti pẹ́ jù ni."

Ó ti pẹ́ jù lójú ta ni? Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan fóònù náà. Kò bọ́ sómi, kò já lulẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kan, ní ibi tí ó jìnnà sí Ọjà Dakar, ti pinnu pé ó tó àkókò láti jọ̀wọ́ irú fóònù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Irú ìpinnu yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé wọn kò dẹ́kun láti máa ṣe é, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó sì máa ń jókòó níbi tí a ti ń ṣe é kò pọ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí ń mú fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lónìí kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kọ tí ó sì tì mọ́ inú àpótí. Àwọn ènìyàn kọ ọ́, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì lò ó láìsan kọ́bọ̀. Irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní open source. Olórí nínú wọn ni Linux, tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Orí rẹ̀ ni a kọ́ Android lé, Android sì ni ó wà nínú fóònù ìyá ẹlẹ́ja. Àwọn tí ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ a máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde láti ìgbà dé ìgbà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bá jìjàkadì nígbà gbogbo: ṣé kí ẹ̀dà tuntun ṣì máa gbọ́ èdè àtijọ́, tàbí kí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí ó lè máa sáré lọ?

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dà bí ohun tí kò yé ni, kí òǹkàwé wa rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ní Nàìjíríà. Báńkì Ìjọba Àpapọ̀ tẹ owó tuntun ti ₦200, ₦500 àti ₦1,000, ó sì pàṣẹ pé ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31, oṣù kìíní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le, ó sún un sí ọjọ́ 10, oṣù kejì. Tuntun kò kárí, àtijọ́ kò ṣeé ná. Ẹni tí ó ní owó nílé kò rí àkàrà rà. Ó di ọjọ́ 3, oṣù kẹta, kí Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ tó pàṣẹ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Kì í ṣe pé owó tuntun burú. A ti ìlẹ̀kùn àtijọ́ kí ti tuntun tó ṣí dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja, nítorí pé ohun tí ó bá fóònù rẹ̀ ní ìtàn tí ó yẹ kí a sọ ní kíkún. Ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àárín òun àti ẹni tí ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ wà ní àṣírí gbọ́dọ̀ mú ìwé-ẹ̀rí dání. Fóònù kò mọ onítọ̀hún rí. Àwọn àgbà díẹ̀ ni ó mọ̀, tí a ti kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀ láti ibi tí a ti ṣe é. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bá fọwọ́ sí ìwé àlejò, fóònù a gbà á wọlé. Ní òpin ọdún 2015, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè bẹ̀rẹ̀ sí fi irú ìwé-ẹ̀rí yìí fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Let's Encrypt ni orúkọ iṣẹ́ náà, ètò tí ó fi ń ṣe é sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n àgbà tuntun ni Let's Encrypt. Àwọn fóònù tí ó ti wà nílẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni IdenTrust, tí í ṣe àgbà tí wọ́n ti mọ̀, ṣe bá a fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ní òpin kan: ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021 ni àkókò ìwé-ẹ̀rí àgbà àtijọ́ yìí yóò pé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Let's Encrypt kéde pé fóònù Android tí ẹ̀dà rẹ̀ bá kéré sí 7.1.1 yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbogbo ojú-òpó tí ń lo ìwé-ẹ̀rí wọn. Ọdún 2016 ni ẹ̀dà yẹn jáde. Ẹni tí ń ra fóònù tuntun lóòrèkóòrè kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi síta ni pé ìpín 33.8 nínú 100 fóònù Android ni kò tíì dé ibẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta! Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa irú ọjà tí púpọ̀ nínú fóònù wọ̀nyí wà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fi kún un ni pé kí ẹni tí ó bá ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ máa lo Firefox, nítorí pé Firefox mú orúkọ àwọn àgbà tirẹ̀ dání. Ìmọ̀ràn náà dára fún ẹni tí ó bá rí i kà; etí mélòó ni ó lè dé ní Ọjà Dakar?

Kí a sọ òtítọ́, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n padà wá pẹ̀lú afárá. Wọ́n kíyè sí i pé Android kì í wo ọjọ́ tí àkókò àgbà fúnra rẹ̀ pé. Bí orúkọ bá ti wà nínú àkọsílẹ̀, ó tó o. Wọ́n bẹ IdenTrust, IdenTrust sì tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn fún wọn, tí yóò lò kọjá ọjọ́ tirẹ̀ títí di ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024. Afárá ọdún mẹ́ta nìyẹn, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: ìwé tí ojú-òpó ní láti fi han fóònù gùn sí i, ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ tuntun pẹ̀lú ń ru lára ẹrù náà. Ní ọdún 2023 wọ́n tún ka iye, wọ́n sì rí i pé fóònù Android tí ó mọ àgbà tuntun ti di 93.9 nínú 100. Nígbà náà ni wọ́n tó kéde pé àwọn kò ní tún afárá náà ṣe mọ́. Ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ sì fi ohun tí ó lé ní ìpín 40 nínú 100 fúyẹ́.

Ìyẹn ni ohun tí a fi yìn wọ́n. Wọ́n ka iye, wọ́n kéde, wọ́n wá ọ̀nà, wọ́n dúró, kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn. Síbẹ̀, nǹkan bí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà ní òdìkejì odò, ìyá ẹlẹ́ja sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ó dùn wá jùlọ nínú ọ̀ràn tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí fóònù náà sọ fún un. Ó ní ewu ń bẹ. Ì bá sọ fún un pé, "Mo ti dàgbà, n kò mọ àwọn àgbà tuntun, ẹ wá ọ̀nà mìíràn," ìyá ì bá mọ ibi tí òun yóò gbà. Ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í sábà ro irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Linus Torvalds ní òfin kan tí ó le lórí ọ̀ràn yìí: ẹ̀dà tuntun Linux kò gbọ́dọ̀ ba ètò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà àtijọ́ jẹ́. Bí ó bá bà á jẹ́, ẹni tí ó kọ tuntun ni ó jẹ̀bi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, ó bá ọ̀kan nínú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wí lójú gbogbo ayé lórí òfin yìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a kò ní tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kan náà ni ó gbà kí wọ́n yọ 386 kúrò nínú Linux. Ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ọdún 1985 ni 386; lórí irú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni Torvalds ti bẹ̀rẹ̀ Linux. Ó ti di ẹrù sí wọn lọ́rùn: bí wọ́n bá fẹ́ tún ibì kan ṣe, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ro ti 386. Ẹni tí ó le jùlọ nínú pípa àtijọ́ mọ́ nìyẹn o, ó sì mọ ìgbà tí a ń dágbére.

Ẹrù àtijọ́ a sì máa wúwo ní tòótọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, a rí ihò kan nínú OpenSSL, ètò tí ń pa àṣírí mọ́ fún apá ńlá nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Heartbleed ni wọ́n sọ ihò náà. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àtijọ́, ọdún 2012 ni ó wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará OpenBSD mú ìgbálẹ̀ wọ inú ètò náà, ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀ pọ̀: ti Windows ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, ti Macintosh ayé àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kó ìlà 90,000 dànù. Àwọn tí ń tọ́jú OpenSSL kò sì ya ọ̀lẹ. Kí ihò yẹn tó yọjú, nǹkan bí 2,000 dọ́là ni ọrẹ tí ń wọlé fún wọn lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ńlá fi iṣẹ́ wọn ṣọ́ ilé. Ẹni tí kò san nǹkan kan, tí kò sì gbé nǹkan kan, ni ó sábà máa ń pariwo jù pé kí wọ́n má ṣe sọ ẹrù kankan kalẹ̀.

Bí a bá dúró síbí, òǹkàwé lè rò pé ará òkèèrè nìkan ni tuntun ń ṣe lóore. Rárá o, èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ èrè láti ọwọ́ àwọn tí ó yà kúrò nínú àtijọ́. Python jẹ́ èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Holland, gbé jáde ní ọdún 1991. Bí a bá kọ "ọjà" fún Python kejì bí a ti ń kọ ọ́ lásán, tí a ní kí ó ka lẹ́tà inú rẹ̀, mẹ́fà ni ó máa ń kà. Kì í ka lẹ́tà. Àwọn ègé tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà ni ó ń kà, "ọ" jẹ́ ègé mẹ́ta, "j" jẹ́ ẹyọ kan, "à" jẹ́ méjì. Ẹni tí ń fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ̀wé kò mọ̀ pé ìyọnu kan wà. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 2008, Python kẹta jáde, ó sì ka "ọjà" ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí èyí tó ṣeé ṣe, wọ́n ní láti ba àtijọ́ jẹ́: ọ̀pọ̀ ètò tí a kọ fún ẹ̀dà kejì kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí ẹ̀dà kẹta. Àwọn ènìyàn kò tètè kọjá. Wọ́n ti fẹ́ fi ọdún 2015 ṣe òpin ìtọ́jú ẹ̀dà kejì. Ní ọdún 2014 wọ́n sún un sí 2020. Ọjọ́ kìíní ọdún 2020 ni ilẹ̀kùn náà tì, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí ilé kan ti ní ìyẹ̀wù méjì tí kò gbọ́ ara wọn yé. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò fi ìyà rẹ̀ pamọ́. Àwa tí a ń kọ Yorùbá kò gbọdọ̀ wí pé kò yẹ kí wọ́n ṣe é.

Ohun tí Python kẹta gbé ara lé ni Unicode, àkójọ tí ó fi nọ́ńbà fún lẹ́tà àwọn èdè ayé. Ibẹ̀ ni oró tiwa wà. Unicode ti ṣe ìlérí pé lẹ́tà tí a bá ti fún ní nọ́ńbà kò ní yí padà mọ́, àti pé ọ̀nà tí a ń gbà so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì yóò dúró bí ó ti wà ní ọdún 2001. Àwọn ará Vietnam ti wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì: "ế" tiwọn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó rù, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni. "Ẹ" wà níbẹ̀, "ọ" wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" àti "ọ́" kò ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ̀yìn ni à ń so àmì ohùn mọ́ wọn. Ẹ bi Python kẹta léèrè iye lẹ́tà tí ó wà nínú "ọwọ́": mẹ́rin ni yóò wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn tí ń kọ èdè Duala, èdè àwọn tí ó ni ilẹ̀ tí Ọjà Dakar wà, tí wọ́n ń lo "ɛ" àti "ɔ". Bí wọ́n bá fi àmì ohùn lé e, ègé méjì ni yóò dà.

Ǹjẹ́ kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yẹ ìlérí náà nítorí wa? A ti rò ó, a kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá fún "ẹ́" ní nọ́ńbà tirẹ̀ lónìí, gbogbo ìwé Yorùbá tí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà láti ọdún yìí wá yóò wà ní ọ̀nà kan, ti ọ̀la yóò wà ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ó bá sì ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ lè ṣàìrí i. Ìlérí tí ó dùn wá yìí ni ó ń ṣọ́ ìwé wa pẹ̀lú. Ohun tí ó kù láti bèèrè ni pé kí àwọn tí ń ya lẹ́tà àti àwọn tí ń ṣe kíbọ́ọ̀dù fi àmì ohùn sí ibi tí ó yẹ, kí ó má ṣe máa fò lọ sí orí lẹ́tà kejì bí ẹyẹ.

Àwọn àyípadà kan wà tí kò ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. A kò lè ní kí àwọn bọ́lẹkájà máa gba òsì fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó tẹ̀lé àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn kò pọ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, ẹni tí ó bá fẹ́ ti ìlẹ̀kùn lè kọ́kọ́ ka iye èrò tí ó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì kà wọ́n ní ọjà, kì í ṣe láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń pààrọ̀ fóònù lọ́dọọdún. Àwọn ilé-iṣẹ́ tiwa nílé tí ń gbé ètò fóònù jáde kò sàn jù nínú èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa kọ fóònù àtijọ́ sílẹ̀ láàárín òru, láìkéde.

Ní ti àwa náà, ẹjọ́ wa kò mọ́ tán. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹni tí ó bá ń ṣe é ni ohùn rẹ̀ ń jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Open Source Community Africa pe àpéjọ ńlá sí Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020. Ṣùgbọ́n yunifásítì wa àti ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń lo ètò wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́ lè ya òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ tí yóò máa bá wọn tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, tí yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bèèrè pé ta ni ó ṣì ń lò ó. Owó oṣù ẹnì kan kò lè fọ́ àpótí ìjọba.

Ó ku àwọn tí ń ta fóònù tòkunbọ̀, ní Douala, ní Kùtọnu, àti ní Èkó. Wọ́n ń sọ fún oníbàárà bí bátìrì ti lágbára tó àti bí fọ́tò rẹ̀ ti mọ́ tó. A rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ nọ́ńbà Android tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí oníbàárà náà má sì tíì san owó. Kí ó ní kí wọ́n ṣí i fún òun, kí òun fi ojú ara rẹ̀ rí i, bí ó bá sì kéré sí 7.1.1, kí wọ́n fi í ṣí ojú-òpó tí òun ń lò lójú òun níbẹ̀.